Nígbà tí Abẹ́rẹ́ Bá Ń Ṣèwádìí: Àlàyé lórí Iṣẹ́ Ọnà àti Ìmọ̀ Láàárín Àwọn Ará Àríwá Ayé

Àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń wá ilé ẹ̀kọ́ lọ sí Fínlándì lè bá gbólóhùn kan pàdé nípa Yunifásítì Lapland, ní ìlú Rovaniemi, tí yóò mú wọn dúró ronú: pé ènìyàn lè gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú iṣẹ́ ọnà, àti pé ohun tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe lè jẹ́ apá kan ìwádìí tí yóò gbé síwájú àwọn olùdánwò. Ní Nọ́wè pẹ̀lú, aṣọ kan wà ní yunifásítì tí ó wà ní ìlú Tromsø, tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ kó ìtàn odindi ẹ̀yà kan sí lára, gígùn rẹ̀ sì ju mítà 23 lọ. Ẹni tí wọ́n ti kọ́ láti kékeré pé inú yàrá àyẹ̀wò, láàárín ìgò àti oògùn, ni wọ́n ti ń ṣe ìwádìí, àti pé ilé ni wọ́n ń fi iṣẹ́ ọnà ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, kò jẹ̀bi bí ó bá béèrè pé: ṣé aṣọ rírán náà ti di ìwádìí ni?

Ìdáhùn mi ni pé bẹ́ẹ̀ ni, ó sì ti rí bẹ́ẹ̀ pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó dá yunifásítì sílẹ̀ ní apá ibẹ̀. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́nu ọdún díẹ̀ yìí kò ju pé àwọn ilé ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbà pé òótọ́ ni.

Kí ni a ń pè ní iṣẹ́ ọnà, dìsáìnì àti ìmọ̀?

Nínú àlàyé yìí, iṣẹ́ ọnà ni ohunkóhun tí ènìyàn fi ọwọ́ ṣe tí ó ní ẹwà tí ó sì ní ìtumọ̀: àwòrán, ère, aṣọ, orin. Dìsáìnì ni ìrònú tí ó máa ń ṣáájú iṣẹ́: bí nǹkan yóò ṣe rí, ohun èlò tí a ó lò, àti bí yóò ṣe ṣiṣẹ́ fún ẹni tí ó fẹ́ lò ó. Télọ̀ tí ó ń wo èjìká oníbàárà kí ó tó gé aṣọ ń ṣe dìsáìnì, bí kò tilẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ náà.

Ìmọ̀ ni ohun tí a ti dán wò tí a sì rí i pé ó dúró, tí ẹlòmíràn sì lè kọ́ lọ́dọ̀ wa. Kò pọn dandan kí ó wà nínú ìwé. Ìyá aláró tí ó dúró ti ìkòkò aró, tí ó gbóòórùn rẹ̀, tí ó tọ́ ọ wò lẹ́nu, tí ó sì sọ pé kò tíì tó láti ki aṣọ bọ̀, kò méfò. Ọ̀pọ̀ ìkòkò tí ó ti bàjẹ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ àti ìyá ìyá rẹ̀ ni ó kọ́ ahọ́n rẹ̀. Bí a bá ní kí ó kọ ohun tí ó mọ̀ yẹn sílẹ̀, apá kan rẹ̀ yóò wọ inú ìwé, apá kejì yóò sì kọ̀ láti wọ̀ ọ́, nítorí inú ọwọ́ àti ẹnu ni ó ń gbé. Ẹni tí ó bá lóye ìyá aláró ti lóye ìdajì ohun tí mo fẹ́ sọ nípa àríwá.

Àwọn wo ni ará àríwá tí à ń sọ?

Òkè ayé pátápátá ni; ní ọ̀pọ̀ ibi níbẹ̀, oòrùn kì í yọ rárá fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan nígbà òtútù, kì í sì í wọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ̀yà méjì ni n ó mẹ́nu bà jù. Àwọn Inuit ń gbé ní Gíríńlándì, ní àríwá Kánádà, ní Alaska, àti ní etí Rọ́ṣíà tí ó kọjú sí Alaska. Àwọn Sámi ń gbé ní àríwá Nọ́wè, Swídìn àti Fínlándì, àti ní ilẹ̀ Kola ní Rọ́ṣíà. Àwọn kan nínú wọn ń sin reindeer, ẹran oníwo tí ó jọ àgbọ̀nrín, tí àwọn Fúlàní tí ń da màlúù lè rí ara wọn nínú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tẹ̀lé e láti ibùjẹ dé ibùjẹ.

Àwọn Sámi ní ọ̀rọ̀ kan, duodji, tí kò ṣeé fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo túmọ̀. Ọ̀bẹ, ife onígi, bàtà, ìgbànú, aṣọ, gbogbo rẹ̀ ni duodji, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò dúró lórí ohun tí wọ́n ṣe nìkan, ó kan ṣíṣe náà pẹ̀lú: mímọ ìgbà tí ó yẹ kí a gé igi, ibi tí a ti lè rí i, bí a ṣe ń bọ̀wọ̀ fún ẹran tí a bó awọ rẹ̀, àti ẹni tí ó lẹ́tọ̀ọ́ láti wọ irú ọnà báyìí. Nítorí náà, nígbà tí ẹnì kan bá ya ẹwà sọ́tọ̀ kúrò lára ìlò, tí ó sì tún ya ìlò sọ́tọ̀ kúrò lára ìmọ̀, ó ti pín ohun tí àwọn tí ó ni ín kò pín.

Báwo ni aṣọ ṣe lè jẹ́ àyẹ̀wò?

Ẹ jẹ́ kí a mú ẹ̀wù kan wò dáadáa, nítorí ibí ni ọ̀rọ̀ náà ti máa ń ṣe kedere jù. Àwọn obìnrin Inuit ní ẹ̀wù kan tí wọ́n ń pè ní amauti. Ní ẹ̀yìn rẹ̀ ni àpò ńlá kan wà, níbi tí ọmọ ń jókòó sí lẹ́yìn ìyá rẹ̀ gan-an, tí ooru ara ìyá sì ń ràn án. Ìyá á di ìgbànú mọ́ ìdí kí ọmọ má baà yọ̀ bọ́ sílẹ̀. Fìlà ẹ̀wù náà fẹ̀ tó láti bo orí àwọn méjèèjì, èjìká rẹ̀ sì gbòòrò ju ti ẹ̀wù lásán lọ. Ẹni tí ó bá rí i nínú àwòrán lè rò pé fún ẹwà ni wọ́n ṣe mú èjìká náà gbòòrò. Rárá o. Kí ìyá lè yí ọmọ láti ẹ̀yìn wá sí iwájú nínú ẹ̀wù, kí ó fún un lọ́mú, kí ó sì dá a padà, láìjẹ́ pé òtútù fẹ́ ẹ níta, ni èjìká fi rí bẹ́ẹ̀.

Èyíkéyìí nínú àwọn ìyá wa tí ó ti fi ọ̀já pọn ọmọ rí mọ̀ pé ìṣirò wà nínú rẹ̀: ibi tí ọ̀já gbọ́dọ̀ gbà kí ọrùn ọmọ má baà rọ̀, bí ó ti yẹ kí ó le tó kí èémí má baà há. Ìṣirò kan náà ni, àmọ́ ní ibi tí òtútù ti ń sọ omi di yìnyín, àṣìṣe kékeré lè gba ẹ̀mí ọmọ.

Ohun èlò náà tún ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Awọ caribou, tí í ṣe reindeer inú igbó, ni wọ́n fi ń rán ẹ̀wù tí wọ́n ń wọ̀ nígbà òtútù, nítorí pé irun ẹran náà ní ihò nínú bí ọparun, afẹ́fẹ́ sì wà nínú ihò náà. Ẹ̀wù méjì ni wọ́n ń wọ̀ lé ara wọn: irun ti inú kọjú sí ara, irun ti òde kọjú síta. Bí àlàfo tí ó wà láàárín ògiri méjì fúláàsì ṣe ń jẹ́ kí ẹ̀kọ gbóná di ọ̀sán, bẹ́ẹ̀ náà ni afẹ́fẹ́ tí ó há sáàárín ẹ̀wù méjì yìí ṣe ń pa ooru ara mọ́. Ìgbà tí wọ́n pa ẹran náà tún ṣe pàtàkì: òpin ẹ̀ẹ̀rùn ni awọ rẹ̀ máa ń dára jù fún aṣọ, nítorí pé irun òtútù ti bẹ̀rẹ̀ sí í hù ṣùgbọ́n kò tíì gùn jù.

Ní ti bàtà àti aṣọ omi, awọ seal, ẹranko inú òkun tí ó ní irun lára, ni wọ́n ń lò, ìránṣọ wọn sì ni mo rò pé ó yẹ kí gbogbo télọ̀ gbọ́. Bí wọ́n bá ń so awọ méjì pọ̀, abẹ́rẹ́ á gba inú awọ kìn-ín-ní kọjá, ṣùgbọ́n yóò wọ awọ kejì dé àárín nìkan, kò ní yọ sí òdìkejì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á yí i, wọ́n á sì rán an lẹ́ẹ̀kejì láti òdìkejì ní ọ̀nà kan náà. Kò ní sí ihò kankan tí ó la awọ méjèèjì já. Iṣan ẹran ni òwú wọn, bí omi bá sì kan iṣan, ó máa ń wú, á sì dí ojú abẹ́rẹ́ tí ó gbà wọlé. Omi fúnra rẹ̀ ni ó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀.

Ta ni ó ṣe àwárí yìí? Àwọn obìnrin tí a kò mọ orúkọ wọn ni. Ìbéèrè wà ní ọwọ́ wọn: báwo ni a ṣe lè rán awọ kí omi má wọ̀ ọ́? Wọ́n dán ọ̀nà kan wò, ọdẹ wọ̀ ọ́ lọ sójú omi dídì, ó padà wá pẹ̀lú ẹsẹ̀ gbígbẹ tàbí ẹsẹ̀ tí ó ti kú, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì ni ó sì sọ fún ẹni tí ó rán an bóyá kí ó tún un ṣe. Ìbéèrè, ìdánwò, àbájáde, àtúnṣe: ohun tí wọ́n ń pè ní ìwádìí nínú yàrá àyẹ̀wò kò ní ju mẹ́rin yìí lọ.

Ṣé ọ̀bẹ lè ya àwòrán ilẹ̀?

Ní ọdún 1884 sí 1885, ọ̀gágun ojú omi ará Dẹ́ńmáàkì kan, Gustav Holm, wà ní Ammassalik, ní ìlà oòrùn Gíríńlándì, níbi tí àwọn ará Yúróòpù kò tíì mọ̀ dáadáa. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Kunit, tí ó wá láti Umivik, gbẹ́ igi fún un láti fi bí etí òkun ṣe rí hàn án. Àwòrán ilẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ náà lè kà á bí ojú ṣe lè kà á. Gbogbo ibi tí òkun ti wọ inú ilẹ̀ ni ó gbẹ́ wọnú, gbogbo ibi tí ilẹ̀ ti yọrí sínú òkun ni ó jẹ́ kí ó yọ. Etí òkun gba ẹ̀gbẹ́ kan igi náà gòkè, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ kejì sọ̀ kalẹ̀. Ó tún gbẹ́ igi mìíràn fún àwọn erékùṣù tí ó wà níwájú etí òkun náà, èèyàn sì lè gbé igi kejì sún mọ́ ti àkọ́kọ́ láti rí bí ilẹ̀ àti erékùṣù ṣe kọjú síra wọn.

Ohun tí ó jọ mí lójú níbẹ̀ ni pé igi náà ń sọ ohun tí ìwé kò lè sọ. Ìwé pẹlẹbẹ ni. Òkè etí òkun Gíríńlándì kò pẹlẹbẹ. Kunit lè gbẹ́ bí òkè ṣe ga àti bí àfonífojì ṣe jìn, nítorí pé igi nípọn.

Báwo ni òwú ṣe ń pa ìtàn mọ́?

Aṣọ tí ó gùn ju mítà 23 lọ tí mo mẹ́nu bà ní ìbẹ̀rẹ̀ ni Historjá. Obìnrin Sámi láti Swídìn, Britta Marakatt-Labba, tí wọ́n bí ní ọdún 1951, ni ó fi abẹ́rẹ́ àti òwú ṣe é láàárín ọdún 2003 sí 2007. Ní ọdún 2017, wọ́n gbé e lọ sí ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà ńlá tí wọ́n ń pè ní Documenta, ní ìlú Kassel ní Jámánì, àwọn ènìyàn sì ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bí ẹni ń bá agbo ẹran rìn.

Lára ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni ìdìtẹ̀ Kautokeino ti ọdún 1852, nígbà tí àwọn Sámi kan dìde sí oníṣòwò ọtí àti aṣojú ìjọba ìlú náà, tí wọ́n sì pa àwọn méjèèjì. Wọ́n bẹ́ orí àwọn aṣáájú wọn méjì ní ọdún 1854. Ohun tí ó tẹ̀lé e ni ó yẹ kí ẹni tí ń béèrè ohun tí ìmọ̀ jẹ́ ronú sí: wọ́n fi agbárí àwọn méjèèjì ránṣẹ́ sí yunifásítì ní olú ìlú, kí àwọn onímọ̀ lè máa wọ̀n wọ́n. Ọdún 1997 ni àwọn ènìyàn wọn tó rí agbárí náà gbà padà sin. Fún ohun tí ó lé ní 140 ọdún, agbárí ọmọ Sámi nínú àpótí ni wọ́n ń pè ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, tí ohun tí àwọn Sámi fúnra wọn mọ̀ nípa ikú náà sì jẹ́ ìtàn ìdí àrò. Inú mi kò lè dùn sí ọ̀rọ̀ yìí bí mo bá ń sọ ọ́. Nígbà tí obìnrin Sámi kan bá wá fi abẹ́rẹ́ kó ìtàn náà sára aṣọ, tí aṣọ náà sì wà nínú yunifásítì, kì í ṣe ògiri nìkan ni ó ń ṣe lọ́ṣọ̀ọ́.

Marakatt-Labba tún ṣe iṣẹ́ kékeré kan ní ọdún 1981, lẹ́yìn tí ó ti wà lára àwọn tí wọ́n ta ko dídí odò Alta ní Nọ́wè láti fi pèsè iná mànàmáná. Orúkọ rẹ̀ ni Garjját, èyí tí ó túmọ̀ sí àwọn kannakánná. Agbo ẹyẹ dúdú ń fò bọ̀ láti ojú ọ̀run, bí wọ́n ti ń balẹ̀ ni wọ́n ń di ọlọ́pàá, wọ́n sì ń lọ bá àwọn ènìyàn tí wọ́n jókòó sórí yìnyín. Ìwé ìròyìn lè sọ iye ọlọ́pàá tí ó wá. Bí wíwá wọn ṣe rí lójú ẹni tí ó jókòó sílẹ̀ ń dúró dè wọ́n ni òwú náà sọ.

Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà ní Kinngait, ní àríwá Kánádà, níbi tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn Inuit ti ń gbẹ́ òkúta tí wọ́n sì ń fi tẹ àwòrán sórí ìwé, tí wọ́n sì gbé àkójọ wọn àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1959. Òwìwí tí Kenojuak Ashevak yà ní ọdún 1960 ni ayé mọ̀ jù, ìjọba Kánádà sì fi ṣe òǹtẹ̀ lẹ́tà ní ọdún 1970. Àmọ́ ní ti ìmọ̀, ti Pitseolak Ashoona ni mo fẹ́ràn jù. Àgbàlagbà opó ni nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í yàwòrán, ó sì ya ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwòrán bí wọ́n ṣe ń gbé nínú àgọ́ kí wọ́n tó kó wọn sínú ilé onípákó: bí wọ́n ṣe ń ru ẹrù, bí wọ́n ṣe ń pàgọ́, irú aṣọ tí wọ́n ń wọ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe ìwádìí yìí lónìí?

Fìlà kan ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Títí di òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn obìnrin Sámi ní apá kan Nọ́wè àti Fínlándì ń dé fìlà kan tí wọ́n ń pè ní ládjogahpir. Igi tí wọ́n gbẹ́ wà nínú rẹ̀ ní ẹ̀yìn, tí ó mú kí ó yọ sókè bí ìwo tí ó tẹ̀. Nígbà tí ó yá, wọn kò dé e mọ́. Wọ́n ń sọ pé àwọn oníwàásù ni wọ́n ní Èṣù Bìlísì ń gbé inú igi ẹ̀yìn náà. (Kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò gbọ́ èyí tí kò ní rántí ohun tí wọ́n sọ nípa ère àti nípa Èṣù tiwa.) Àwọn fìlà tí ó kù wọ inú musíọ̀mù káàkiri Yúróòpù, ìwọ̀nba díẹ̀ péré ni ó kù ní ilẹ̀ Sámi.

Oníṣẹ́ ọnà Sámi kan, Outi Pieski, àti onímọ̀ ìwalẹ̀pìtàn kan, Eeva-Kristiina Harlin, bẹ̀rẹ̀ sí í wá wọn kiri. Wọ́n ń lọ láti musíọ̀mù kan sí èkejì, wọ́n ń wọn fìlà, wọ́n ń ya àwòrán wọn, wọ́n ń wo bí wọ́n ṣe rán wọn. Bí ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀, irú ìwádìí tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n wọ́n tún pe àwọn obìnrin Sámi jọ, wọ́n jókòó papọ̀, oníkálukú sì ń rán fìlà tirẹ̀. Ibẹ̀ ni ìmọ̀ kejì ti jáde. Ẹni tí ó ń rán nǹkan gbọ́dọ̀ dáhùn ìbéèrè tí ẹni tí ó kàn ń wò ó kò ní bi ara rẹ̀: apá wo ni a kọ́kọ́ rán? Báwo ni igi ṣe wọ inú aṣọ láìya á? Bí wọ́n sì ti dé e sórí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa ìyá àgbà wọn, nípa ìtìjú, nípa ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wọn. Kò sí fọ́ọ̀mù ìbéèrè tí ì bá yọ ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn lẹ́nu wọn.

Ohun tí àwọn yunifásítì ń ṣe kò jìnnà sí èyí. Ní Lapland, àwọn olùkọ́ bíi Timo Jokela àti Maria Huhmarniemi ti kọ̀wé nípa ọ̀nà ìwádìí kan tí oníṣẹ́ ọnà fi ń lọ bá ará ìlú, tí wọ́n á jọ yan ìṣòro kan, tí wọ́n á jọ ṣe nǹkan, bóyá pẹ̀lú yìnyín, igi tàbí koríko, tí wọ́n á jọ wo ohun tí ó jáde, tí wọ́n á sì tún bẹ̀rẹ̀. Láti ọdún 2011 ni àwọn ilé ẹ̀kọ́ káàkiri àríwá ti wà nínú àjọṣe kan lórí iṣẹ́ náà. Ní Kautokeino, Sámi allaskuvla, ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn Sámi tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1989, ń kọ́ni ní duodji títí dé oyè kejì.

Ṣé gbogbo iṣẹ́ ọnà wá ni ìwádìí?

Rárá, ó sì yẹ kí a sọ ọ́ gbangba, nítorí pé ibí ni àwọn tí wọ́n ń ta kò ó ti ní ẹjọ́ tí ó tọ́. Ẹni tí ó ya òwìwí nítorí pé òwìwí wù ú ti ṣe iṣẹ́ rere, kò sì nílò orúkọ ìwádìí láti fi gbé e ga. Kí a tó lè pe iṣẹ́ kan ní ìwádìí, ìbéèrè gbọ́dọ̀ wà tí ṣíṣe iṣẹ́ náà fẹ́ dáhùn. Ẹni tí ó ṣe é gbọ́dọ̀ lè fi ọ̀nà tí ó gbà hàn, títí kan ibi tí ó ti kùnà, kí ẹlòmíràn lè tẹ̀lé e tàbí kí ó bá a jiyàn. Ìdí nìyí tí àwọn tí ń ṣe ọ̀mọ̀wé nínú iṣẹ́ ọnà fi ń kọ ìwé mọ́ iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Ní àríwá, ohun kan tún wà tí mo kà sí pàtàkì ju ìwé lọ: àwọn tí wọ́n ni àṣà náà gbọ́dọ̀ lè wò ó kí wọ́n sì sọ pé òótọ́ ni, tàbí pé irọ́ ni.

Ta ni ó ni ìmọ̀ náà?

Bí a bá ti gbà pé ìmọ̀ wà nínú ọnà ara aṣọ, jíjí ọnà náà kò ní jẹ́ ọ̀rọ̀ oge mọ́. Ní ọdún 2015, ilé iṣẹ́ aṣọ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, KTZ, gbé ẹ̀wù kan jáde tí bátánì rẹ̀ jẹ́ ti ẹ̀wù babaláwo Inuit ìgbàanì kan. Ìdílé ọkùnrin náà dá a mọ̀. Wọ́n ṣàlàyé pé ó rí i lójú ìran pé ẹnì kan fẹ́ pa òun, ọnà ara ẹ̀wù náà ni ó sì fi dáàbò bo ara rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó tọrọ ààyè lọ́wọ́ wọn. Ilé iṣẹ́ náà tọrọ àforíjì, ó sì kó ẹ̀wù náà kúrò lórí àtẹ. Àwọn obìnrin Inuit ti ń wá ọ̀nà tí òfin yóò fi dáàbò bo amauti náà, ìṣòro wọn sì ni pé òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ máa ń béèrè orúkọ ẹnì kan ṣoṣo tí ó dá nǹkan sílẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé odindi ìran àwọn ìyá ni ó dá èyí sílẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn ni dídá nǹkan padà. Ní ọdún 2021, Musíọ̀mù Ìjọba Fínlándì ní Helsinki kó àwọn ohun ìní Sámi tí ó lé ní 2,000 padà fún Siida, musíọ̀mù àwọn Sámi ní ìlú Inari. Ní Helsinki, ẹni tí ó bá fẹ́ rí wọn gbọ́dọ̀ rin ìrìn àjò tí ó lé ní 1,000 kìlómítà láti ilé. Ní báyìí, obìnrin tí ó fẹ́ rán irú bàtà tí ìyá àgbà rẹ̀ ń wọ̀ lè béèrè rẹ̀ ní ìlú ara rẹ̀, kí ó wo inú rẹ̀, kí ó ka ojú abẹ́rẹ́ tí ó wà níbẹ̀, kí ó sì padà sílé lọ gbìyànjú rẹ̀ lórí awọ.